Káfíńtà tó so òrùlé wa mọ́ ògiri ní Awótàn

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: iṣẹ́ káfíńtà yìí dáa, owó rẹ̀ ga, ẹnu rẹ̀ pọ̀, kì í sì í dé lásìkò tó bá dá. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó máa kan páànù fún yín wéréwéré kẹ́ ẹ lè kó wọlé kóṣù tó parí, ẹ wá ẹlòmíì. Àmọ́ tó bá jẹ́ irú ibi tí à ń gbé yìí lẹ̀yin náà ń gbé, lókè Awótàn n'Ìbàdàn, téèyàn bá ti kọjá Apẹ̀tẹ̀, níbi tí kò sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó máa bá yín gba ìjì sára, ẹ jókòó kẹ́ ẹ ka èyí.

Ilé bàbá wa ni. Yàrá mẹ́fà tó kọjú síra, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàárín, ilé ìdáná àti balùwẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Èmi àti màṣíìnì ìránṣọ mi la ni yàrá méjì iwájú, àwọn ayálégbé ló wà nínú ìyókù: àwọn ọmọ Pólì, nọ́ọ̀sì kan, àti Bàbá Tíṣà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí páànù tí bàbá wa kàn dógùn-ún tán, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mú káfíńtà kan wá láti àdúgbò wọn, wọ́n ní owó rẹ̀ fúyẹ́. Lóòótọ́ ló fúyẹ́. Òrùlé náà fúyẹ́ pẹ̀lú. Òjò àkọ́rọ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e kò tíì kán sílẹ̀ dáadáa tí ìjì fi ṣí apá iwájú ilé bí ìgbà téèyàn ṣí ìdérí ìkòkò, páànù àti igi lápapọ̀, ó sì lọ gbé gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sáàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ Alhájì tó wà ní òdìkejì títì.

Nọ́ọ̀sì ló júwe káfíńtà tuntun yìí fún mi, ó ti ṣe ilé ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ológunẹ̀rú. Ọjọ́ tó dé, kò tilẹ̀ wo òkè. Inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ Alhájì ló gbà lọ tààrà, ó dojú àwọn igi tó já bọ́ délẹ̀, ó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Mọ̀mí, ẹ wá wò ó. Ìṣó mú páànù mọ́ igi dáadáa. Kí ló wá mú igi mọ́ ògiri?” Mo wò ó. Simẹ́ńtì díẹ̀ tí wọ́n pa mọ́ igi náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Kò sí irin, kò sí wáyà, kò sí nǹkan kan.

Èrò ọ̀pọ̀ wa ni pé ṣe ni ìjì ń ti ilé, pé bí òrùlé bá ṣáà ti wúwo, ó parí. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjì kì í tẹ òrùlé mọ́lẹ̀, gbígbé ló ń gbé e. Èyí tó ń sáré kọjá lórí páànù ń fà á sókè. Èyí tó bá ráyè wọ abẹ́ etí òrùlé, tàbí tó gba ojú fèrèsé tí wọ́n ṣí sílẹ̀ wọlé, ń tì í sókè láti ìsàlẹ̀. Tí méjèèjì bá ti pàdé, kí gbogbo nǹkan so kọ́ra ni ọ̀nà àbáyọ: páànù mọ́ igi wẹ́wẹ́, igi wẹ́wẹ́ mọ́ igi ńlá, igi ńlá mọ́ igi orí ògiri, igi orí ògiri mọ́ ògiri fúnra rẹ̀. Ibi tí ìso yẹn bá ti já ni òrùlé máa gbà lọ. Tiwa, ibi tó ti já ni ibi tí ẹnikẹ́ni ò so ó rí.

Bíríkìlà ló kọ́kọ́ mú wá, kì í ṣe pákó. Wọ́n fọ́ orí búlọ́ọ̀kù tó wà lókè pátápátá ní ààyè-ààyè yí ilé ká, wọ́n ri irin tí wọ́n ti tẹ̀ ní ìdí sínú kọnkéré, wọ́n jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ yọ síta. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí yóò fi gan. Abẹ́ tapólì la sùn ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹ̀gbọ́n mi sì ń pè mí lórí fóònù pé ṣé òrùlé ni mo ń tún ṣe ni àbí mo ń kọ́lé tuntun. Nígbà tó gan tán, wọ́n gbé igi orí ògiri lé e, wọ́n tẹ irin bò ó, wọ́n fi ìṣó kan irin mọ́ igi. Àwọn igi ńlá tó gùn lọ sókè, wáyà tí wọ́n fi ń di irin ló fi yí wọn mọ́ ti orí ògiri. Ó ń fi ẹ̀mú lọ́ wáyà náà títí tó fi ń ké. Èmi tí mo ń rán aṣọ mọ ìyàtọ̀ ẹni tó ń so nǹkan kó lè dúró àti ẹni tó ń so ó kójú lè rí i. Eléyìí ń so ó kó lè dúró.

Bódìjà la ti ra pákó. Ó yan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé e sójú kan wò bóyá ó wọ́, ó ń fi èékánná họ ọ́ bóyá ó ṣì tutù. Igi apá ló ní ká fi ṣe ti orí ògiri, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi kígbe, àmọ́ apá le, ìkán kì í sì í yára bá a ṣeré. Gbogbo pákó náà ló kùn ní oògùn ìkán kó tó gbé wọn gòkè, títí kan ojú ibi tí ayùn ti gé wọn, níbi tí àwọn mìíràn máa ń fò.

Páànù ni mo ti rí ẹ̀rín rín. Ó ní irinṣẹ́ kékeré kan nínú àpò tó fi ń wọn bí páànù ṣe nípọn tó. Ṣọ́ọ̀bù tí a kọ́kọ́ wọ̀, ẹni tó ń tajà búra pé mìlímítà 0.55 ni. Irinṣẹ́ ní 0.45. Ẹni náà ní irinṣẹ́ ọ̀hún ló ti bàjẹ́. Káfíńtà wa fi wọn páànù mìíràn níbẹ̀ kan náà, ó ní 0.45, ó fi wọn ẹ̀kẹta. A jáde. Ibòmíràn la ti ra ojúlówó, mo sì san owó fún ọlọ́jà lọ́wọ́ ara mi. Èyí wà lára ohun tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀: kò ní kẹ́ ẹ kó owó ọjà fún òun, kò sì sí nínú àwọn tó máa ń bá ọlọ́jà sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀.

Kò lo ìṣó lásán fún páànù. Èyí tó ní rọ́bà lórí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yí wọlé ló lò, orí gègélé páànù ló sì ń yí i sí, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀ tí omi ń gbà. Láàárín òrùlé, ó ń fo gègélé kan kó tó yí òmíràn. Ní etí yíká, kò fo ọ̀kankan, torí etí ni ìjì ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

A jà lórí etí òrùlé. Bàbá wa fẹ́ràn òrùlé tó yọ síta gan-an, èmi náà sì fẹ́ràn rẹ̀, torí abẹ́ rẹ̀ làwọn oníbàárà mi máa ń jókòó tí òjò bá ń rọ̀. Ó ní ká gé e kù. Ó tún ní òrùlé ìta ilé kò gbọdọ̀ bá ti inú ilé tan: kó dá dúró lórí òpó tirẹ̀, kó lè jẹ́ pé bí ìjì bá mú un, òun nìkan ló máa lọ. Mo ní kò wù mí. Ó ní, “Mọ̀mí, ẹ̀yin lẹ ni ilé, èmi ni mo ni iṣẹ́.” Mo jẹ́ kó ṣe é bó ṣe fẹ́. Ní báyìí, tí òjò bá fẹ́ wá láti ẹ̀gbẹ́, àga oníbàárà mi ń tutù, mi ò sì tíì gbà pé ó tọ́ kí n máa gbé àga wọlé gbé e jáde nítorí ìjì tó lè wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Ìjì náà wá ṣá. Oṣù Kẹrin ọdún yìí ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Pólì ka ìkìlọ̀ NiMet, àjọ ìjọba tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, fún wa lórí fóònù pé ìjì àti àrá lè jà ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, ká yọ àwọn nǹkan oníná kúrò lára iná, ká má dúró sábẹ́ igi. Ìkìlọ̀ yẹn wúlò, òun ló jẹ́ kí n kó aṣọ oníbàárà kúrò lẹ́bàá fèrèsé. Àmọ́ ìpínlẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í bá Awótàn sọ̀rọ̀. Àwa ní tiwa. Irú ìjì bẹ́ẹ̀, ìlà-oòrùn ló ti máa ń wá, ó máa ń gba Olódó àti Ìwó Road kó tó kan ọ̀dọ̀ wa. Àbúrò Ìyá Ìbejì, aládùúgbò wa, ń ta ẹja ní Olódó. Tó bá ti pè pé “Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti ń fẹ́ níbí o,” a mọ̀ pé a ò ní ju ìdajì wákàtí lọ. Mi ò mọ iye tí wọ́n lè san fún obìnrin yẹn, àmọ́ ó yẹ kí wọ́n máa sanwó fún un.

Ó pè níwọ̀n ìgbà tí àwọn ọmọ ń ti lẹ́sìn bọ̀. Ká tó pajú pẹ́, Ìyá Ìbejì ti kó àwọn ìbejì dé, pẹ̀lú ẹní àti àpò gàrí. Alhájì náà dé pẹ̀lú ìyàwó wọn, rédíò wọn lábíyá, wọ́n yí i sí Amúlùdùn 99.1. Mi ò pe ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n ń kan òrùlé yìí, gbogbo àdúgbò ló ń gba iwájú ilé kọjá tó ń bi mí léèrè pé kí la fẹ́ fi irin ṣe lókè ilé, wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wọlé.

Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ la wà. A ti gbogbo fèrèsé, a ti ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn, a yọ gbogbo nǹkan oníná. Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ ká ṣe é tán kí wọ́n tó mú iná lọ. Ibẹ̀ la wà tí ọmọ Alhájì tó ń gbé ní Oklahoma fi pè wọ́n lórí fídíò. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa. Ó ní ní Amẹ́ríkà níbi tí òun wà, ìpele méjì ni wọ́n máa ń fi kìlọ̀ nípa ààjà ńlá tó ń yí po yẹn. Èkíní ń sọ pé ojú ọjọ́ ti fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí èèyàn wà lójúfò. Èkejì ń sọ pé wọ́n ti fojú rí i tàbí kí rédà ti rí i, kí kálukú sá wọ yàrá àárín gbùngbùn ilé tí kò ní fèrèsé, nísàlẹ̀ pátápátá. Ó sọ ti ìlú Moore níbẹ̀, ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, tí ọ̀kan nínú rẹ̀ pa èèyàn 24. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ balùwẹ̀.”

Alhájì na fóònù síwájú kó lè wo balùwẹ̀ wa láti ojú fèrèsé ẹ̀yìn: ilé kótópó tó dá dúró lẹ́yìnkùlé, páànù àtijọ́ lórí, búlọ́ọ̀kù méjì ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n ní, “Ṣé o rí i? Balùwẹ̀ ibí ló máa kọ́kọ́ lọ.” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, títí kan ọmọ náà. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ká sì jìnnà sí fèrèsé. A ní a ti wà níbẹ̀.

Ìjì ló máa ń ṣáájú òjò nínú irú èyí. Ojú ọjọ́ kọ́kọ́ tutù lójijì, eruku gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, lẹ́yìn náà ló wá kọlu ilé. Mi ò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó. Òrùlé náà ké, igi ń dún kìrọ̀kìrọ̀ lókè, ẹ̀rù sì bà mí, torí káfíńtà ti sọ fún mi pé yóò ké àmọ́ ohun téèyàn gbọ́ lẹ́nu káfíńtà yàtọ̀ sí ohun téèyàn gbọ́ lókùnkùn. Nọ́ọ̀sì tan tọ́ọ̀ṣì sí sílíǹ, kò gbé ojú kúrò níbẹ̀. Sílíǹ kò mì. Nígbà ti àtijọ́, sílíǹ ló kọ́kọ́ ń mí sókè mí sílẹ̀ kí òrùlé tó lọ. Nǹkan kan fò wá láti ibòmíràn, ó gbá ògiri ẹ̀gbẹ́ gbàù, ìkejì nínú àwọn ìbejì sì bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Ìyá wọn po gàrí fún un.

Àárín ariwo yìí ni Bàbá Tíṣà ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn Ògùnpa. Wọ́n ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, òjò rọ̀, odò Ògùnpa kún bo ilé, ó gbé ọkọ̀, ó gbé òkú àti alààyè, àwọn tó kú lé ní igba. Wọ́n tún sọ èyí tí gbogbo wa rí: ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, tí omi gbé afárá Apẹ̀tẹ̀ lọ, tí ẹni tó wà lápá ibí kò rí ọ̀nà kọjá sápá ọ̀hún, tí ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún sì lọ káàkiri Ìbàdàn. Mo tẹ́tí sí wọn, àmọ́ ohun tó ń sọ lọ́kàn mi ni pé omi ló gba gbogbo ìbẹ̀rù ìlú yìí. Onílé máa ń ná owó sórí gọ́tà àti fẹ́ǹsì, á bi ọ́ pé báwo ni ilẹ̀ náà ṣe jìnnà sódò tó kó tó rà á lọ́wọ́ ẹ. Òkè la wà, odò jìnnà sí wa, ìdí nìyẹn tí bàbá wa fi ra ilẹ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ibi tí omi ò lè dé ni ìjì ti máa ń rí àyè.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, páànù wà lójú títì, páànù wà lórí wáyà iná. Ẹ̀ka ńlá kan ti já lára máńgòrò ìdí ọ̀nà. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà níwájú wa kò ní òrùlé mọ́, ilé Ìyá Ìbejì sì ṣí lápá kan. Balùwẹ̀ wa ló dúró, búlọ́ọ̀kù méjèèjì ṣì wà lórí rẹ̀, Alhájì sì ti ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Oklahoma. Òrùlé ilé kò yẹ̀. Ti ìta náà kò yẹ̀, àga nìkan ló tutù.

Ó jò o. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ibi tí páànù méjèèjì ti pàdé lókè téńté, lórí yàrá nọ́ọ̀sì, omi kán síbẹ̀ ní gbogbo òru. Mo pe káfíńtà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò gbé e. Mo pè é, mo pè é. Nígbà tó gbé e, ó ní gbogbo àdúgbò ló ń pe òun, òun ń bọ̀. Ọmọ oṣù mìíràn ti lé kó tó dé. Ó tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀, ó sì ń fi ìgbà yẹn sọ̀rọ̀ òṣèlú fún wa láti orí òrùlé, ó ń fi òòlù júwe.

Ìdọ̀tí ni àléébù rẹ̀ kejì. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fọ́n ìṣó sí gbogbo ẹ̀yìnkùlé, mo ní kí wọ́n lọ wá irin òòfà wá kí wọ́n fi gbá a, torí àwọn ìbejì kì í wọ bàtà. Wọ́n gbá a. Mo ṣì ń rí ìṣó.

Owó iṣẹ́ rẹ̀ nìkan, láìka ọjà àti ti bíríkìlà, 220,000 náírà ni. Ti ẹni tí ẹ̀gbọ́n mi mú wá lákọ̀ọ́kọ́ kò tó ìdajì rẹ̀, kí ẹ wá fi páànù tó lọ sínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún un. Irin, wáyà àti simẹ́ńtì tó lò láti so òrùlé mọ́ ògiri, wọn ò pọ̀ rárá lára gbogbo owó ọjà náà. Pákó àti páànù ló kó owó lọ, owó yẹn sì ni ẹ máa san lọ́wọ́ káfíńtà èyíkéyìí. Ọ̀rọ̀ ìso yìí ni kẹ́ ẹ bá tiyín sọ, ẹni yòówù kẹ́ ẹ gbà. Tó bá ní kò pọn dandan, tó ní simẹ́ńtì yóò mú un, ẹ dá a padà.

Ìyá Ìbejì ti gbà á fún ilé tiwọn. Ṣọ́ọ̀ṣì ní àwọn ń gbàdúrà sí i. Bí ẹ bá fẹ́ kó ṣe tiyín, ẹ má dúró di ìgbà àkọ́rọ̀, gbogbo èèyàn ló máa ń rántí káfíńtà nígbà náà. Lẹ́yìn ọdún Kérésìmesì, nígbà ọyẹ́, ló máa ń ráyè, pákó Bódìjà sì gbẹ dáadáa nígbà yẹn. Ẹ má san gbogbo owó tán kí òjò tó rọ̀ sí i. Èmi ṣì di 20,000 mú lọ́wọ́ nítorí fásíà, pákó tí wọ́n ń kàn sí etí òrùlé, ti ẹ̀yìn ilé tí kò tíì kàn. Ó ní ọjọ́ Sátidé lòun ń bọ̀. Kò sọ Sátidé wo.